Dígí Ńkọ́? Dáadáa Ni

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí fóònù, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn bí ẹnu ara mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jà mí lólè. Kì í ṣe adigunjalè, kì í ṣe ọmọ yahoo. Ẹnu tí mo fi ń kí èèyàn yìí náà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bábà ni mí ní Èjìgbò níbí, lójú títì tó lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Irun orí èèyàn ni mo fi ń jẹun. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo dé fọ́ọ̀mù tuù, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tuù ò dé inú mi. Tí mo bá ṣi nǹkan kọ, ẹ bá mi mójú kúrò.

Músíbáù ló fa gbogbo rẹ̀. Músíbáù ti Àbíjàn dé lọ́dún tó kọjá, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ìgérun síwájú tèmi gan-an, títì nìkan ló là wá láàárín. Ó gbé dígí gbàǹgbà kan kọ́ sára ògiri, ó wá lẹ nǹkan mọ́ ọn láàárín méjì, lẹ́tà pupa tó tò láti òkè délẹ̀: COIFFEUR. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kà á sókè pé "Kò í fẹ́ ẹ." Mo ní ta ni kò fẹ́ ta? Ìyàwó mi, Ìyá Basírà, ló ṣàlàyé fún mi pé èdè àwọn ará Àbíjàn ni, pé bábà ló túmọ̀ sí. Bábà náà kọ́ lèmi náà? Àmọ́ tèmi ò ní lẹ́tà pupa.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá. Wọ́n á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á ní Bàbá Basírà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n á sì gba iwájú mi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fi èdè Àbíjàn kí wọn pé "bọ́ńsúà."

Mo rò ó títí, mo ní dígí ni. Kì í ṣe pé ọmọ yẹn mọ irun gé jù mí lọ. (Ẹ má dá sí i.) Dígí tèmi kéré, ó sì ti gbó. Ẹni tó bá wo inú rẹ̀ á dà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ta ló fẹ́ sanwó fún irun tuntun kó wá dà bí aláìsàn?

Bí mo ṣe ń tẹ fóònù kiri lọ́jọ́ kan nìyẹn, mo rí dígí kan tí gílóòbù yí ká. Ọkùnrin tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níwájú dígí náà ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa. Mo ní tèmi ti dé.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Iléyá ni ìkórè àwa bábà. Kò sí orí tí kì í fẹ́ dán lọ́jọ́ náà. Mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú látìgbà Ààwẹ̀, mo san án ṣáájú. Àwọn tó ń tà á ní dandan ni ká san án ṣáájú nítorí pé Èjìgbò jìnnà. Ó jìnnà sí ibo? Mi ò bèèrè.

Ọjọ́ tí mo sanwó náà ni mo ta dígí àtijọ́ fún Ìyá Ṣukurá, obìnrin tó ń ta òkìríkà ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi. Ìyàwó mi ní kí n dúró kí tuntun dé ná. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń retí mọ́tò kì í so kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rò pé òwe ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọlọ́kadà kan gbé e dé láti Òṣogbo. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà bí ẹni so ewúrẹ́. Mo gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mì í. Ó dún ṣaworo-ṣaworo bí owó wẹ́wẹ́ nínú kóló. Ọkùnrin náà wojú mi, èmi náà wojú rẹ̀. Mo ní kò burú, nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ògiri ló ń dún. Mo bá a fọwọ́ síwèé. Mo tún ra omi tútù fún un nítorí oòrùn.

Nígbà tí mo tú páálí, mo rí nọ́ọ̀tì mẹ́rin nínú ọ̀rá tiwọn, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Dígí ló ń dún. Ó ti rún wẹ́wẹ́ bíi yìnyín. Férémù rẹ̀ àti àwọn gílóòbù nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná, gbogbo gílóòbù bá tàn yòò. Iná ń tàn yí ihò ká.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ṣukurá ti yọ orí wọlé. Ó ní, "Bàbá Basírà, ẹ kú ìnáwó o. Dígí ti dé?"

Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní, "A dúpẹ́ o." Mo sì yára ju ìró ìyàwó mi bo férémù náà. Mo ní mi ò tíì fẹ́ káyé rí i, ó di ìgbà tí Iléyá bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí n tó ṣí i lójú bí ìyàwó tuntun. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ọjọ́ náà. Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Nílé lálẹ́, ìyàwó mi ya fọ́tò àwọn àfọ́kù náà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ̀wé sí àwọn tó tà á, nítorí pé èmi ni mo ra ọjà. Mo kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì kó lè wúwo: "Good morning sir. My mirror is die." Kò pẹ́ rárá tí èsì fi dé. Wọ́n ní àwọn káàánú gan-an, wọ́n á pè mí. Ìyàwó mi ka ìyókù sí mi létí: ọjọ́ méje ni mo ní láti ọjọ́ tí ọjà dé. Tí ẹjọ́ mi ò bá lójú láàárín ọjọ́ méje, owó ti lọ nìyẹn.

Mo dá wọn lóhùn pé mo dúpẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ ló kọ èsì yẹn o, kì í ṣe èèyàn. Mo ní ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń káàánú èèyàn, ṣé kò yẹ ká kí i ni?

Ní ọjọ́ kejì, fóònù dún. Obìnrin kan ni, ó ní òun ń jẹ́ Bùkọ́lá. Ohùn rẹ̀ tutù. Mo ti rò pé gẹ̀ẹ́sì ló máa sọ, mo sì ti ń wá ti tèmi jọ, àfi bó ṣe fi Yorùbá kí mi wẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ẹ káàsán o, sà. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Mo ní, "Dáadáa ni, a dúpẹ́."

"Iṣẹ́ ńkọ́, sà?"

"A dúpẹ́, ó ń lọ."

"Dígí tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ wa ńkọ́, sà?"

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ó wà dáadáa, àlùhamúdùlíláì."

Kí n tó sọ pé "ṣùgbọ́n," nẹ́tíwọ̀kì Èjìgbò ti ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo pè é padà títí, kò lọ. Nígbà tó ṣe, ìwé kan wọlé sórí fóònù mi. Mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá rọra jókòó. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé oníbàárà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà wà dáadáa, àwọn ti pa fáìlì dé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣé tiyín yàtọ̀ ni? Ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sọ́sìbítù, tẹ́ ẹ bá ní ara ńkọ́, ṣebí a dúpẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ? Bàbá ìyàwó mi ń gbé ní ìlú Ara lọ́hùn-ún. Ìjì ṣí òrùlé ilé wọn lọ lọ́jọ́ kan, a ò gbọ́. Mo dé ibẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bàbá, ilé ńkọ́? Wọ́n ní dáadáa ni gbogbo wa wà. A jẹun, a mumi, a sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, a sọ̀rọ̀ iṣu. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n tó ní kí n gbójú sókè. Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ni mo rí.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. A kì í gba ẹnu ọ̀nà gbé ọ̀rọ̀ burúkú wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún àwọn tó ń pa fáìlì dé?

Ìyàwó mi tún ìwé mìíràn kọ sí wọn, wọ́n sì gbà láti pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí ọmọ iléèwé. Mo bá ń jẹun, á ní, "Bàbá Basírà, ẹ wò mí lójú. Dígí ńkọ́?" Màá ní ó ti fọ́. Á ní kí n tún un sọ. Màá tún un sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán, mi ò tíì ká ẹní, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Dígí ńkọ́?" Mo ní, "Dáa..." Ó kàn mirí ni, ó kọjá lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ rántí pé mi ò ní dígí ní ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá gérun oníbàárà dé ìdajì, tó ní òun fẹ́ wo ara òun, ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣukurá ni mò ń darí rẹ̀ sí. Wọ́n á dìde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ọ̀tún orí ti dán, òsì ṣì kún bí igbó, wọ́n á lọ wo dígí mi àtijọ́. Ìyá Ṣukurá ní ṣé mo fẹ́ sọ ilé òkìríkà òun di ilé bábà ni? Ó kùn lọ́jọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, kò kùn mọ́. Kò sí ẹni tó débẹ̀ wo orí tí kò ra ṣẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wà tó ra ṣòkòtò méjì tó gbàgbé láti padà wá kí n gé ìyókù.

Ní ọjọ́ kẹrin, fóònù tún dún. Bùkọ́lá ni. Ẹ bi mí pé ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà.

Músíbáù ni. Ó ti ń rí i tí gílóòbù ń tàn lábẹ́ ìró, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ní òun wá yá kílípà ni, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìró. Bùkọ́lá kí mi, mo jẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Dígí yẹn gan-an ńkọ́?"

Ó ti fọ́ wà lórí ahọ́n mi. Mo búra, ó wà níbẹ̀. Músíbáù sì na ọrùn bí àkùkọ tó gbọ́ pé àgbàdo dànù. Mo gbóhùn sókè dáadáa kó lè gbọ́, mo ní, "Ó wà ńbẹ̀, ó ń dán gbinrin!"

Mo gbọ́ tí Bùkọ́lá mí kanlẹ̀. Músíbáù gba kílípà, ó lọ. Fáìlì náà tún lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi ò bá mi jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ohun tó sọ kò ju pé, tí Iléyá bá dé tí mo ṣí ìró, kí ni mo fẹ́ fi han àwọn èèyàn?

Ó tún bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dáhùn ní ọjọ́ kẹfà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ pé dáadáa ni, nítorí náà àwọn ò ní pè mí mọ́. Fídíò làwọn fẹ́ báyìí. Kí n dúró níwájú ọjà náà, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tó ṣe é. Kí fídíò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Ọjọ́ keje náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó mi ní Ara pé ẹsẹ̀ ń dun bàbá. (Wọ́n kọ́kọ́ ní dáadáa ni bàbá wà o.) Ó mú fóònù rẹ̀ dání lọ. Kámẹ́rà tèmi sì ti ṣú pátápátá, ẹni tó bá fi ya èèyàn, òjìji ló máa rí. Kó tó gun ọ̀kadà, ó ní, "Ẹ lọ bá Músíbáù. Fóònù tó gbé ti Àbíjàn dé mọ́lẹ̀ bí ọjọ́." Mo ní àfi Músíbáù náà? Ó ní bí mo bá mọ ẹlòmíràn, kí n lọ bá a.

Títì yẹn ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó gùn dé Àbíjàn.

Músíbáù rí mi, ó dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ilé ńkọ́?" Mo ní dáadáa ni. Ó ní, "Dígí ńkọ́?"

Mo ti ya ẹnu. "Dáa" ti fẹ́ jáde. Mo fi eyín di ahọ́n mú, mo sì ní, "Ó ti fọ́. Ó ti fọ́ kó tó dé. Lábẹ́ ìró yẹn, ihò ni."

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Kásé."

Mo ní kí ni kásé? Ó ní ó ti fọ́ náà ni. Ó ní ní Àbíjàn, tí nǹkan bá ti fọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èèyàn á wọlé, á ní kásé, wọ́n á sì mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Kò sí ẹ kú ìnáwó, kò sí a dúpẹ́.

Mo ní irú yín ló dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ ayé. Ó lọ ti ìlẹ̀kùn. Ó dé ìdí dígí rẹ̀, ó fi èékánná ká etí COIFFEUR sókè díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, dígí náà là láti òkè délẹ̀, ojú ibi tó là sí gan-an ni gbogbo lẹ́tà pupa yẹn jókòó lé.

Ó ní inú ọkọ̀ ló ti là nígbà tí òun ń bọ̀. Mo ní kí ló dé tí o ò pariwo mọ́ ọlọ́kọ̀? Ó ní ta lòun fẹ́ pariwo fún? Gbogbo ẹbí ló ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń retí ẹrù ará Àbíjàn. Bí òun ṣe sọ̀ báyìí, ìyá òun ní dígí ńkọ́. Òun ní dáadáa ni, màmá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Àbíjàn ni mo ti mọ kásé sọ. Bí mo ṣe wọ Èjìgbò, ó fò mí lẹ́nu."

Àwa méjèèjì wá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ó tẹ̀lé mi sọdá láti ya fídíò náà. Mo ká ìró kúrò, mo da àwọn àfọ́kù sínú àwo, mo dúró. Ní àkọ́kọ́, mo ní àsàlámù àléékùn, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú àwa oníbàárà, Ọlọ́run á fún yín lókun. Músíbáù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú kan ti lọ, ẹ ṣì ń ṣàdúrà." Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí Músíbáù ti Àbíjàn dé. Ó ní orúkọ òun ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹjọ́ yìí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé fóònù sókè, ó sì bi mí láti ẹ̀yìn rẹ̀: "Dígí ńkọ́?"

Mo ní, "Kásé. Ó ti fọ́. Mo fẹ́ gba owó mi." Mo sì mi àwo náà.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ṣukurá já wọlé, ó rí ihò. Ó fọwọ́ lérí. "Yé! Bàbá Basírà, dígí tẹ́ ẹ ní ẹ máa ṣí lójú bí ìyàwó! Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń bò nìyí látọjọ́ yìí? Tẹ́ ẹ sì ń kó gbogbo Èjìgbò wá wo dígí lọ́dọ̀ mi?" Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú fídíò. Músíbáù ní ká pa á rẹ́. Mo ní oòrùn ti ń wọ̀, ká fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Owó náà padà nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n máa mú férémù, pé owó ọkọ̀ tó máa gbé e padà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bùkọ́lá pè mí pé ọ̀gá àwọn ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, pé igbe màmá tó wọlé ló jẹ́ kó dá wọn lójú pé kì í ṣe eré. Ó wá ní, "Ara ńkọ́, sà?"

Mo ní orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, mi ò sun dáadáa lánàá, gáàsì ti tán nílé. Ó ní ẹ má bínú, sà, mo kàn ń kí yín ni.

Mo lọ bá onídígí tó wà nínú ìlú níbí, ó gé dígí tó wọ férémù náà. Mo fẹsẹ̀ ara mi gbé e délé bí ẹni gbé ẹyin. Ó fi ìka kan kéré lápá òsì, ògiri ń yọjú díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jókòó ni mo ń sọ fún kó tó rí i. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan, ẹ ṣáà jẹ́ ká rí ara wa. Mo gérun Iléyá títí ọwọ́ mi fi wú.

Mo bi Músíbáù kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, àmọ́ kí n fi kún un pé òun mọ irun gé dáadáa. Ó mọ irun gé dáadáa. (Ṣé ẹ rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rọrùn lẹ́nu mi?)

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni mo ń dúró sẹ́yìn èèyàn, tí àwa méjèèjì ń wo dígí. Dígí kì í kí èèyàn. Kò mọ a dúpẹ́. Orí tó bá rí gbágungbàgun, gbágungbàgun náà ló máa fi hàn, oníbàárà á sì sọ fún mi, màá tún un ṣe. Mo ti ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mi ò kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ àfi ìgbà tó fọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló ti fọ́ lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ ṣì ń sọ pé dáadáa ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́kọ́ kí mi.